Yíyan jíà àti táyà fún ìwakọ̀ lórí òkìtì iyanrìn

Yíyan jíà àti táyà fún ìwakọ̀ lórí òkìtì iyanrìn jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìmọ̀ ìwakọ̀ tó dá lórí bí a ṣe ń pèsè ọkọ̀ sílẹ̀ láti rìn lórí iyanrìn gbígbẹ tí kò dìpọ̀, yálà ní aṣálẹ̀ tàbí ní etí òkun. Ohun méjì ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀: táyà, tó ń pín ìwúwo ọkọ̀ sórí ilẹ̀, àti jíà, tó ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di agbára tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí. Ìrírí àwọn awakọ̀ aṣálẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ti fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan hàn: afẹ́fẹ́ inú táyà ni ó ṣáájú, jíà ni ó tẹ̀lé e, títóbi ẹ́ńjìnnì ni ó sì gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ alágbára tí táyà rẹ̀ le koránkorán yóò rì níbi tí ọkọ̀ kékeré tí a dín afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kù yóò gbà kọjá.

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìmọ̀ yìí kan àwọn tó ń wakọ̀ létí òkun láti Badagry dé Cotonou, àwọn tó ń gbé lẹ́bàá òkìtì iyanrìn ní àríwá Ìpínlẹ̀ Yobe, àti àwọn tó ń la aṣálẹ̀ Ténéré kọjá ní orílẹ̀-èdè Niger. Ní aṣálẹ̀, ọkọ̀ tó bàjẹ́ tàbí tó rì lè yọrí sí ikú.

## Bí iyanrìn ṣe ń gbé ọkọ̀ ró

Iyanrìn gbígbẹ kì í lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan dá dúró, ohun tó sì ń mú un dúró ni bí òun àti hóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe ń fara kan ara wọn. Bí ìwúwo púpọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sórí ojú kékeré, àwọn hóró náà yóò yà sọ́tùn-ún àti sósì, ohun tó tẹ̀ wọ́n yóò sì wọlẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó wọ bàtà gogoro fi ń rì létí òkun níbi tí ẹni tó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ ti ń rìn láìsí wàhálà. Ìdí kan náà ni ràkúnmí fi ń la aṣálẹ̀ kọjá: àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, ó sì máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ó bá ti gbé e lélẹ̀.

Yàtọ̀ sí rírì, iyanrìn tún máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti wọlẹ̀ díẹ̀ ní láti máa gun òkè kékeré kan tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kò sì ní yéé gùn ún títí ọkọ̀ yóò fi kúrò nínú iyanrìn náà. Nítorí èyí, ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lè dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, bí ẹni pé wọ́n tẹ bíréèkì.

Omi díẹ̀ máa ń mú iyanrìn dìpọ̀. Létí òkun, ibi tí ìgbì ti rin láìpẹ́ le ju iyanrìn gbígbẹ tó wà lókè rẹ̀ lọ. Ní aṣálẹ̀, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni iyanrìn máa ń gbé ọkọ̀ dára jù, nígbà tí òtútù òru kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ó ń kó òkìtì iyanrìn jọ. Ọyẹ́, tó máa ń mú ètè gbẹ ní ilẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, jẹ́ afẹ́fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn, òun kan náà ni ó sì ń tún àwọn òkìtì iyanrìn Sàhárà ṣe. Ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù máa ń dagun díẹ̀díẹ̀, ó sì sábà máa ń le. Ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí iyanrìn ti ń dà sílẹ̀ láti orí òkìtì, máa ń dagun ní nǹkan bí ìwọ̀n 30 sí 34 lórí òṣùwọ̀n igun, ó sì rọ̀ gan-an. Awakọ̀ tó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá yóò mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun lè gùn àti ẹ̀gbẹ́ tí òun kò gbọdọ̀ dán wò.

## Táyà

### Ìwọ̀n afẹ́fẹ́

Dídín afẹ́fẹ́ táyà kù ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó sì ṣe pàtàkì jù lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Bí ọkọ̀ kan bá wúwo tó 2,400 kg, tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbé 600 kg, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2.4 bar, ìyẹn nǹkan bí 35 psi lórí géèjì, yóò fi ojú tó tó nǹkan bí 245 cm² kan ilẹ̀. Bí a bá dín afẹ́fẹ́ náà kù sí 1.2 bar, tó jẹ́ nǹkan bí 17 psi, ojú náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, nǹkan bí 490 cm². Líle ẹ̀gbẹ́ táyà yóò yí iye yìí padà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Púpọ̀ nínú ojú tó pọ̀ sí i yìí jẹ́ gígùn, kì í ṣe ìbú; táyà náà yóò tẹ́ gbọọrọ bí ìgbànú tí wọ́n nà sílẹ̀.

Àwọn ìwọ̀n tí àwọn awakọ̀ sábà máa ń lò fún jíìpù tàbí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré nìwọ̀nyí:

- Ọ̀nà ọ̀dà: ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn, tó sábà máa ń wà láàárín 30 sí 40 psi.
- Iyanrìn tó le díẹ̀ àti ọ̀nà iyanrìn tí ọkọ̀ ti tẹ̀: 20 sí 25 psi.
- Òkìtì iyanrìn àti iyanrìn gbígbẹ etí òkun: 15 sí 18 psi.
- Ọkọ̀ tó ti rì: 10 sí 12 psi, fún ìgbà tí a bá fẹ́ yọ ọ́ jáde nìkan.

Bí afẹ́fẹ́ bá kéré ju 10 psi lọ, etí táyà lè yọ kúrò lára rímù, pàápàá bí awakọ̀ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré tún máa ń gbóná, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ká tó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Nítorí náà, bí ó bá wà ní nǹkan bí 15 psi, eré kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 40 km ní wákàtí kan lọ, a sì gbọ́dọ̀ fẹ́ táyà padà kí ọkọ̀ tó gun ọ̀dà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà láti inú bátìrì ọkọ̀ jẹ́ ara ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé sílé, nítorí pé kò sí àwọn tó ń lẹ táyà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí fọ́gánáísà, nínú aṣálẹ̀.

Oòrùn náà máa ń yí ìwọ̀n padà. Nǹkan bí 1 psi ni afẹ́fẹ́ táyà fi ń lé sí i bí ìgbóná bá fi ìwọ̀n 5 sí 6 gbéra lórí òṣùwọ̀n Celsius. Táyà tí a wọn sí 16 psi ní òwúrọ̀ lè ti kọjá 20 psi ní ọ̀sán, kí ọkọ̀ tó ti ń rìn dáadáa sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́ lára rẹ̀.

### Gíga ẹ̀gbẹ́ táyà àti fífẹ̀ rímù

Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ni ó lè tẹ́ sílẹ̀ láìṣe ara rẹ̀ léṣe. Òǹkà tí wọ́n kọ sí ara táyà ni a fi ń mọ èyí. Nínú 235/85R16, 235 ni ìbú táyà ní mìlímítà, 85 fi hàn pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà, 16 sì ni fífẹ̀ rímù ní íńṣì. Ẹ̀gbẹ́ táyà yìí ga tó nǹkan bí 200 mm. Táyà 265/50R20, irú èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn jíìpù ìgboro, fẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga ju nǹkan bí 132 mm lọ. Bí a bá dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, kò ní ibi púpọ̀ tí yóò tẹ́ dé kí rímù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nítorí náà, rímù 15, 16 tàbí 17 ni àwọn awakọ̀ aṣálẹ̀ máa ń yàn bí bíréèkì ọkọ̀ wọn bá gbà á.

### Ojú táyà

Ibi tí àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù nìyí. Ní àwọn ibi tí ilẹ̀ pupa ti ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, bíi Ọ̀tà àti agbègbè rẹ̀, ohun tí awakọ̀ mọ̀ ni pé táyà tí eyín rẹ̀ tóbi tó sì jinlẹ̀ ni ó ń mú ilẹ̀. Òótọ́ ni èyí nínú ẹrẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ líle wà lábẹ́ ẹrẹ̀, eyín táyà sì lè walẹ̀ dé ibẹ̀. Lábẹ́ iyanrìn òkìtì, iyanrìn mìíràn ni ó wà. Táyà eléyín ńlá tó bá yí lójú kan níbẹ̀ yóò máa gbẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ́, títí abẹ́ ọkọ̀ yóò fi jókòó sórí iyanrìn.

Àwọn oríṣi ojú táyà tí a lè rí nìwọ̀nyí:

- Táyà iyanrìn: eyín rẹ̀ kò jinlẹ̀, ojú rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Michelin XS jẹ́ àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ ní Sàhárà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá.
- Táyà onílẹ̀ gbogbo: eyín rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó ṣeé lò lórí ọ̀dà, lórí òkúta àti lórí iyanrìn. Òun ni ó bá ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo mu jù.
- Táyà ẹrẹ̀: eyín rẹ̀ tóbi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì le. Ó ṣì lè rìn lórí iyanrìn bí a bá dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù dáadáa, bí awakọ̀ kò bá sì jẹ́ kí ó yí lójú kan.
- Táyà oníàjẹ̀: ojú rẹ̀ ní àwọn abẹ́ gbọọrọ bí àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣeré ni a ń fi í sí, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní òkìtì iyanrìn Imperial ní California. Kò ṣeé gbé wọ ojú ọ̀dà.

### Ọjọ́ orí táyà

Ilé iṣẹ́ Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ táyà tó wà ní ọjà Nàìjíríà ti ń wá. Òfin ka táyà alòkù mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí, àfi àwọn táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú wọn ṣe, síbẹ̀ táyà tòkunbọ̀ wà káàkiri.

Òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT ni a fi ń mọ ọjọ́ orí táyà. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti fi ọdún 4 ṣe gbèdéke fún lílo táyà. Fún awakọ̀ iyanrìn, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ òfin lọ: rọ́bà tó ti gbó máa ń sán, títẹ́ tí a sì fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ táyà tẹ́ ni yóò la ibi tó sán náà. Táyà tó ti gbó tí kò bẹ́ lórí ọ̀dà ní 35 psi lè bẹ́ ní 15 psi.

Òǹkà mìíràn tó yẹ ní wíwò ni òǹkà ẹrù. 120 lára táyà fi hàn pé ó lè gbé 1,400 kg bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá pé. Bí afẹ́fẹ́ bá dín kù, ẹrù tó lè gbé náà dín kù.

## Jíà

### Ìpele òkè àti ìpele ìsàlẹ̀

Ọ̀pọ̀ jíìpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àpótí jíà kejì tó ń pín agbára sí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọ̀pá tàbí bọ́tìnnì rẹ̀ ní àmì 4H fún ìpele òkè àti 4L fún ìpele ìsàlẹ̀. Ní ìpele ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò máa yí lọ́ra, ṣùgbọ́n agbára ìyí rẹ̀ yóò pọ̀ sí i.

Kí a mú ọkọ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ìpín jíà kìn-ín-ní rẹ̀ jẹ́ 4.5, ti jíà kejì jẹ́ 2.5, ti ìpele ìsàlẹ̀ jẹ́ 2.5, ti differential sì jẹ́ 4.1. Bí a bá fi wọ́n ṣe ìsọdipúpọ̀:

- Jíà kìn-ín-ní, ìpele ìsàlẹ̀: 4.5 × 2.5 × 4.1 = nǹkan bí 46.
- Jíà kejì, ìpele ìsàlẹ̀: 2.5 × 2.5 × 4.1 = nǹkan bí 26.
- Jíà kìn-ín-ní, ìpele òkè: 4.5 × 4.1 = nǹkan bí 18.
- Jíà kejì, ìpele òkè: 2.5 × 4.1 = nǹkan bí 10.

Òǹkà wọ̀nyí ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yóò yí kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. 46 dára láti gun òkúta, ṣùgbọ́n lórí iyanrìn ó pọ̀ jù: agbára tó ń bọ̀ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ náà yóò yí lójú kan, yóò sì gbẹ́ kòtò. 10 kéré jù nínú iyanrìn rírọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń gbéra pẹ̀lú jíà kejì ní ìpele ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì ń fi jíà kẹta gun òkìtì. Ìpele ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 4.0, bíi ti Jeep Wrangler Rubicon, ni a ṣe nítorí òkúta. Lórí iyanrìn, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ní láti bọ́ sí jíà tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ó lo ìpele òkè.

### Yíyí jíà padà lórí òkìtì

Lórí ọ̀dà, ọkọ̀ máa ń yí lọ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Lórí iyanrìn, eré náà yóò ti tán kí jíà tuntun tó wọlé. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ yan jíà ní ìsàlẹ̀ òkìtì, kí a sì fi jíà kan náà gun ún dé òkè. Jíà tó tọ́ ni èyí tí ẹ́ńjìnnì ń sáré níwọ̀n nínú rẹ̀, tí agbára sì ṣì kù bí awakọ̀ bá tẹ iná sí i. Jíà ọ́tò ní àǹfààní níhìn-ín, nítorí pé kì í já agbára gbà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ nígbà tó bá ń yí padà. Ewu rẹ̀ ni pé epo inú rẹ̀ máa ń gbóná, ó sì lè bọ́ sí jíà gíga ní àkókò tí kò yẹ. Ó dára kí awakọ̀ fi ọwọ́ mú un dúró sí jíà kan.

Ní ìsọ̀kalẹ̀, jíà kìn-ín-ní tàbí kejì ní ìpele ìsàlẹ̀ ni yóò dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Bí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ lórí ibi tó dagun, ó lè dojú dé.

### Differential àti títì rẹ̀

Differential máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì yí ní eré tó yàtọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọrí. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ kan kò bá rí ilẹ̀ mú, ẹsẹ̀ náà ni yóò máa yí, tí èkejì yóò dúró. Àwọn ọkọ̀ kan ní ohun tó lè ti differential kí ẹsẹ̀ méjèèjì yí pọ̀. Ti ẹ̀yìn ni a kọ́kọ́ ń tì, a sì gbọ́dọ̀ ṣí i kí a tó kọrí, nítorí pé ọkọ̀ tí differential rẹ̀ wà ní títì máa ń fẹ́ lọ tààrà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dín iná ẹ́ńjìnnì kù bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń yọ̀ máa ń pa eré ọkọ̀ lórí iyanrìn, awakọ̀ sì sábà máa ń pa wọ́n kí ó tó wọ òkìtì.

## Ìbáṣepọ̀ táyà àti jíà

Táyà tó tóbi sí i jẹ́ jíà tó ga sí i. Bí a bá yọ táyà tí gíga rẹ̀ jẹ́ íńṣì 29, tí a fi èyí tó jẹ́ 33 rọ́pò rẹ̀, differential tó jẹ́ 4.1 yóò máa ṣe bí ẹni pé ó jẹ́ 3.6. Ọkọ̀ yóò lọ́ra láti gbéra, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa jó, òǹkà eré yóò sì máa fi nǹkan bí 88 hàn nígbà tí ọkọ̀ ń sá 100. Kí agbára àtijọ́ tó padà, differential náà gbọ́dọ̀ di nǹkan bí 4.7, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ìnáwó yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò mọ́ táyà nígbà tí wọ́n bá ń ra táyà ńlá. Fún ẹni tí kò ní yí differential padà, táyà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ tàbí èyí tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó dín kù, ni ó dára jù.

## Ìtàn

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1922, Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil gbéra ní Touggourt ní Àlgéríà pẹ̀lú ọkọ̀ Citroën márùn-ún, wọ́n sì dé Timbuktu ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1923. Ìgbànú rọ́bà gbọọrọ ni wọ́n fi rọ́pò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ náà kí ìwúwo wọn lè tẹ́ káàkiri. Ohun kan náà ni dídín afẹ́fẹ́ táyà kù ń ṣe lónìí.

Ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ralph Bagnold, fi ọkọ̀ Ford la aṣálẹ̀ Íjíbítì àti Líbíà kọjá láàárín ọdún 1920 sí 1939. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ dídín afẹ́fẹ́ táyà kù di àṣà, wọ́n sì máa ń ti irin gbọọrọ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó rì. Ní ọdún 1940 ni ó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Long Range Desert Group sílẹ̀. Ọkọ̀ Chevrolet tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń yí wà lára ohun tí wọ́n lò. Ìwé rẹ̀ lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kó iyanrìn jọ jáde ní ọdún 1941.

Ní ọdún 1970 sí 1989, àwọn ará Yúróòpù máa ń wa ọkọ̀ alòkù, pàápàá Peugeot 504, gba Tamanrasset, Arlit àti Agadez kọjá láti tà á ní Niger, Togo, Benin àti Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ó ń yí lára 504, síbẹ̀ ó ń kọjá nítorí pé ó fúyẹ́ àti pé àwọn awakọ̀ rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà. Rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Àlgéríà àti ní àríwá Niger ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 ni ó fòpin sí òwò náà.

Ìdíje Paris–Dakar àkọ́kọ́, tí Thierry Sabine dá sílẹ̀, gbéra ní Paris ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ó sì parí ní Dakar ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1979. Cyril Neveu ni ó fi alùpùpù Yamaha XT 500 gba ipò kìn-ín-ní. Ní ọdún 1982, Mark Thatcher, ọmọ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, sọnù fún ọjọ́ mẹ́fà nínú ìdíje yìí lẹ́yìn tí irin ẹ̀yìn Peugeot 504 tó wà nínú rẹ̀ ṣẹ́. Ọdún 2007 ni ìdíje náà parí ní Áfíríkà kẹ́yìn.

## Iyanrìn ní agbègbè ilẹ̀ Yorùbá àti àyíká rẹ̀

Kò sí òkìtì iyanrìn aṣálẹ̀ ní Agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Etí òkun Badagry ni iyanrìn rírọ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Láti Agbárá, tó wà nínú agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ náà, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Badagry ni ó lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ààlà Sẹ̀mẹ̀, etí òkun kan náà ni ó tẹ̀ síwájú dé Cotonou. Láti Cotonou dé Ouidah, Route des Pêches jẹ́ ọ̀nà iyanrìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí iṣẹ́ títẹ́ ọ̀dà tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ní etí òkun, ìgbì ni ewu tó ga jù, nítorí pé omi tó ń kún lè bo ọkọ̀ tó rì. Iyọ̀ inú omi òkun sì máa ń jẹ irin, nítorí náà omi tútù ni a fi ń fọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò.

Ní Nàìjíríà, àríwá Ìpínlẹ̀ Yobe, ní agbègbè bíi Yusufari àti Yunusari, ni òkìtì iyanrìn ti ń gbógun ti oko àti abúlé. Ní àríwá síi, ní Niger, Ténéré wà láàárín Agadez àti Bilma, níbi tí àwọn oníràkúnmí ti ń kó iyọ̀ gbà láti ayébáyé.

## Ewu àti ààbò

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti gba Agadez lọ sí Líbíà nínú ọkọ̀ Toyota Hilux. Ó wọ́pọ̀ kí ènìyàn tó lé ní 20 jókòó sórí ọkọ̀ kan. Bí a bá ka ènìyàn kọ̀ọ̀kan sí 60 kg, ènìyàn 25 wúwo tó 1,500 kg láìka omi àti epo mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé. Pẹ̀lú ẹrù yìí, awakọ̀ kò lè tú afẹ́fẹ́ táyà tó bó ṣe yẹ, nítorí pé táyà yóò bẹ́. Bí kò bá sì tú u, ọkọ̀ yóò rì. Kò sí jíà tó lè tún èyí ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, a rí òkú ènìyàn 92, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, ní àríwá Niger lẹ́bàá ààlà Àlgéríà lẹ́yìn tí ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ bàjẹ́. Òùngbẹ ni ó pa wọ́n. Òfin tí Niger ṣe lòdì sí gbígbé àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2015 mú kí àwọn awakọ̀ kan máa gba ibi tó jìnnà sí kànga. Wọ́n fagi lé òfin náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023.

Àwọn ìlànà tí àwọn awakọ̀ aṣálẹ̀ ń tẹ̀ lé nìwọ̀nyí:

- Ọkọ̀ méjì ó kéré tán ni ó gbọ́dọ̀ jọ rìn, kí ọ̀kan lè fa èkejì.
- Ṣọ́bìrì, pákó tàbí irin ìtẹ́lẹ̀, okùn ìfàkọ̀, géèjì, ẹ̀rọ ìfẹ́táyà, táyà ìpààrọ̀ àti omi mímu gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀.
- A kì í gbé ẹrù wúwo sórí òrùlé ọkọ̀.
- A máa ń dá ọkọ̀ dúró níbi tó dagun sísàlẹ̀, láìtẹ bíréèkì lójijì, kí gbígbéra padà lè rọrùn.
- Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, a gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A óò kó iyanrìn kúrò níwájú ẹsẹ̀ ọkọ̀, a óò tún dín afẹ́fẹ́ kù, a óò sì kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn rìn padà lórí ipa tí ọkọ̀ gbà wọlé, nítorí pé táyà ti tẹ ibẹ̀ le.
- Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nínú aṣálẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ rìn lọ. Ọkọ̀ rọrùn láti rí láti òkè ju ènìyàn lọ, ó sì ní òjìji.